Àrán Níta, Aràn Nínú

Òjò Chiloé kì í dá, ó kàn ń mí ni.
Ó ń mí sórí páànù,
ó ń mí sínú bàtà tí mo gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà.
Ilé wa fẹsẹ̀ igi dúró nínú omi bíi lékeléke,
abẹ́ sítóòfù onígi ni ìyá ológbò bí wọn sí,
lórí súwẹ́tà ọkọ mi olóògbé
tí n kò tíì lè jù nù.

Mẹ́rin ni wọ́n.
Eliseo, ọmọ ọmọ mi, fi ohun inú òkun sọ wọ́n lórúkọ:
Choro, Jaiba, Cholga,
àti Piure, èyí tó kéré jù, tó pupa bí idẹ.
Ẹ wo irun wọn! Àrán tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Castro.
Ẹ wo ikùn wọn, ó yọ roboto.
Mo ní, "Wọ́n ti yó."
Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ikùn tó yọ ló yó.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru dé.
Mo nu ilẹ̀, mo tún ilẹ̀ nù,
òórùn rẹ̀ borí ẹja tí mo sá sí èéfín.
Mo wá ṣe ohun tí ìyá mi ì bá ṣe:
mo gbé wàrà màlúù lílọ́wọ́ọ́rọ́ kalẹ̀ nínú ọmọrí ìkòkò.
Wọ́n lá a, wọ́n lá a,
wọ́n sì ṣu ju ti àná lọ.
Oore tí a ṣe láìmọ inú,
inú náà ni yóò dá a padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Piure bì. Ta ló ṣẹ́gun ta?
Ohun tó bì ń rìn,
ó funfun, ó gùn, ó ń lọ́ra pọ̀
bíi sùpàgẹ́tì tó gbàgbé pé òun ti jiná.
Eliseo kò pariwo.
Ó ní, "Màmá àgbà, oúnjẹ náà ṣì wà láàyè."

Ọjọ́rú, ó rú mọ́ mi lójú lóòótọ́.
Piure ti tutù kí iná tó ràn.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi dókítà ẹran máa ń bọ̀.
Rayén Huenteo, ẹ̀wù òtútù mi jù ú lọ lọ́jọ́ orí.
Ó fa awọ ọrùn Choro sókè,
awọ náà dúró síbẹ̀ bí àgọ́, kò padà.
"Omi ti tán lára wọn."
Ó ṣí ètè Cholga: èrìgì rẹ̀ funfun bíi inú ìkarawun.
Orí òṣùwọ̀n tí mo fi ń ta ìṣáwùrú ló gbé wọn lé,
Jaiba kò tó irínwó gíráàmù.
Ó kán oògùn aláwọ̀ ìyeyè sí wọn lẹ́nu,
Jaiba tu tirẹ̀ sára jígí ojú rẹ̀.
Ó nu ún, ó tún kán òmíràn.
"Èyí tó wà nínú ìfun la pa yìí.
Àwọn kan sá pamọ́ sínú ẹran ara, wọn kò gbọ́ ìròyìn.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọn á yọjú, a ó tún ránṣẹ́ sí wọn.
Kí ọmọ yìí sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́."

Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti kó o.
Kò wò mí lójú.
"Inú ọmú ìyá wọn."

Ìyá ológbò wà níbẹ̀ tó ń fi ahọ́n tún wọn ṣe,
ahọ́n rẹ̀ kò mọ nǹkan kan.
Mo rántí ọmọbìnrin mi, ìyá Eliseo,
tó ti lọ sí Punta Arenas láti ọdún mẹ́ta,
tí kì í kọ̀wé, tí kì í tọrọ àforíjì,
gẹ́gẹ́ bí èmi náà kì í ṣe é.
Ọmú mi ló mu.

Ní àárọ̀ yìí, Jaiba ṣu sínú eérú.
Ó le.
Eliseo pè mí kí n wá wò ó.
Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
mo tẹjú mọ́ ọn
bí ẹni tí lẹ́tà dé bá.